Sípíríǹgì Ọkọ̀ Oko: Èyí Tó Ń Tẹ̀ Ló Ń Pẹ́

   Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti irúgbìn, kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń kó irè oko wa wálé ni. Lára ọkọ̀ náà, ibì kan ṣoṣo ni a fẹ́ fojú sí, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé ẹrù àti ọkọ̀ lé orí táyà. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní sípíríǹgì. Irin kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni a ń pè ní ewé.

Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí ní agbègbè wa. Ilé ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi dáko ní Ajùwọ́n àti ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti Ìbàfò dé Mówè. Oko ti sún wọ inú lọ. Bí a bá ti kúrò lórí ọ̀dà, ọ̀nà oko ni a ó máa tọ̀: kòtò lápá ọ̀tún, òkìtì lápá òsì, gbòǹgbò igi láàárín. Nígbà òjò, ilẹ̀ á di ẹrẹ̀, ipa táyà lọ́rì á sì jìn wọnú. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ DFRRI sílẹ̀ ní ọdún 1986 láti la ọ̀nà ìgbèríko, ọ̀pọ̀ abúlé sì rí ọ̀nà gbà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a kò bá tún ṣe, òjò ni yóò gbà á padà. Kí ọ̀nà tó dára, ọkọ̀ wa ló gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń rin ọ̀nà tí kò dára.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù Òkúdù, mo bá ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lọ sí oko kan nítòsí Ọ̀fàdà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó. Àná ọjọ́ náà ni wọ́n ti wú u sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ti ń dúró dè wá ní Mówè pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Ewé sípíríǹgì 8 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ewé 5 ni ó bá wá. Ẹgbẹ́ ló ní kí wọ́n fi 3 kún un, nítorí wọ́n ní ọkọ̀ náà máa ń jókòó bí ẹrù bá ti pọ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, a dé ibi tí àgbàrá ti gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Táyà iwájú lápá òsì gun òkìtì, táyà ẹ̀yìn lápá òsì kan náà sì bọ́ sórí kòtò. Ó yẹ kí sípíríǹgì ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, kí táyà náà lè sọ̀ kalẹ̀ kan ilẹ̀. Kò ṣí. Táyà gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹsẹ̀ ajá tó fẹ́ tọ̀, ó ń yí lásán nínú afẹ́fẹ́. Bí awakọ̀ ṣe ń tẹná mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni táyà kejì ń dúró gbọnin-gbọnin sínú ẹrẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni a tó rí katakata tó fà wá jáde. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ fi máa dé Mówè, ó ti di ọjọ́ kẹta tí ó ti kúrò nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ni inú ẹ̀gẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àwọn ìyá náà dá a sí méjì, wọ́n rí ìlà dúdú nínú rẹ̀, wọ́n sì san ìdajì owó. A kò lè bá wọn jà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹnì kan dìde, ó ní, "Sípíríǹgì yẹn kò lágbára tó. Ẹ jẹ́ kí a fi ewé kan kún un sí i." Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó yẹ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Báwo ni sípíríǹgì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ rántí ọrun tí àwọn ọdẹ fi ń ta ọfà. Bí ọdẹ bá fà á, ó tẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ó padà sí ipò rẹ̀. Títẹ̀ yẹn gan-an ni agbára rẹ̀. Ọrun tí kò bá tẹ̀ ti di ọ̀pá lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípíríǹgì ọkọ̀. Bí táyà bá gun òkúta, sípíríǹgì á tẹ̀, òkúta náà kò sì ní gbá gbogbo ọkọ̀ sókè. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á ṣí, á ti táyà náà sísàlẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń kan ilẹ̀ nígbà gbogbo ni ọkọ̀ tó ń jáde nínú ẹrẹ̀. Ìdí ni pé ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa kì í mọ èyí tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè. Èyí tó rọrùn láti yí ni yóò máa yí, èyí tó ní iṣẹ́ láti ṣe á sì dúró.

Ewé tó gùn jù lọ, tó ní ojú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ni ìyá gbogbo wọn. Òun ló so mọ́ ara ọkọ̀. Bí sípíríǹgì bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ó ń nà, gígùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe fi irin kékeré kan tó ń mì síwájú-sẹ́yìn de ìpẹ̀kun rẹ̀ kan. Ṣákùlù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bákan náà, bí ewé bá ń tẹ̀, wọ́n máa ń yọ̀ lórí ara wọn. Bí ìpẹtà bá lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn kò ní lè yọ̀. Ewé 5 á wá máa ṣe bí irin kan tó nípọn.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1804 ni ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Obadiah Elliott gba ìwé àṣẹ lórí irú sípíríǹgì yìí fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Land Rover àtijọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1948 tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1985, sípíríǹgì ewé ló ní níwájú àti lẹ́yìn. Òun náà ló wà lábẹ́ agbégilódò, lábẹ́ Mercedes 911 tí gbogbo wa mọ̀, àti lẹ́yìn Toyota Hilux. Kódà ọ̀pọ̀ ọkọ́ àti àdá tí alágbẹ̀dẹ ń rọ fún wa, ara ògbólógbòó sípíríǹgì lọ́rì ni irin wọn ti wá. Nítorí náà, irin yìí kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀.

Líle kì í ṣe agbára

Ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan kan wò. Ẹ la ọparun, kí ẹ gé ewé tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dọ́gba nínú rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀kẹta kí ó nípọn ní ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n kí gígùn àti ìbú rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu. Ẹ tẹ ẹyọ kan nínú àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà wò. Ẹ wá to méjèèjì léra, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Yóò le ní ìlọ́po 2. Ẹ wá tẹ èyí tó nípọn. Kò ní le ní ìlọ́po 2. Ìlọ́po 8 ni yóò le. Bí nínípọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lára irin, ewé tó nípọn ní mílímítà 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó ewé mílímítà 8 méjì, bí gígùn àti ìbú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Gígùn ń ṣe òdìkejì èyí: bí ewé bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe rọ̀ tó.

Ẹ wá wo ọkọ̀ ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ewé 5 bá dọ́gba, tí a sì fi 3 irú wọn kún un, sípíríǹgì náà á le sí i ní ìdá 60 nínú 100. Bí ewé tí a fi kún un bá wá láti ara lọ́rì, tó sì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, líle náà á kọjá bẹ́ẹ̀.

Kí ni èrè rẹ̀? Ọkọ̀ kò ní jókòó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n táyà kò pọ̀ sí i, bíréèkì kò pọ̀ sí i, ọ̀pá tó gbé táyà ẹ̀yìn kò nípọn sí i. Ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé láìséwu kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé a kò rí àmì ìkìlọ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó bá jókòó ń bẹ̀ wá pé kí a sọ ẹrù kalẹ̀. Àwa sì ti pa á lẹ́nu mọ́. Ìgbá tí sípíríǹgì kò gbà, ibòmíràn ni yóò gbà á: irin gígùn tó gbé ara ọkọ̀ á là, bóòtì á já, ẹyin á fọ́, tòmátì á di omi, ẹ̀yìn awakọ̀ á sì máa ro ó.

Kí ni a ó ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀, ẹ gbé e sí orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi igi dí táyà. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró. Ẹ wá mú iṣẹ́ náà ní ìpele ìpele, pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ sípíríǹgì:

1. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín irin ara ọkọ̀ àti ọ̀pá tó gbé táyà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́. Bí apá kan bá relẹ̀ ju èkejì lọ, ewé ti sán tàbí kí ó ti rọ̀ níbẹ̀.

2. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò, kí ẹ wo ewé kọ̀ọ̀kan. Ojú ibi tó bá sán máa ń fi ìlà ìpẹtà hàn. Ẹ wo bóòtì àárín tó so ewé pọ̀. Bí ó bá já, táyà ẹ̀yìn á sún kúrò ní ipò rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn.

3. Ẹ yẹ ṣákùlù wò. Ó gbọ́dọ̀ máa mì. Bí ó bá ti ganpa, tàbí tí rọ́bà inú ojú ewé ti jẹ tán, kò sí bí sípíríǹgì ṣe fẹ́ nà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ń bá ewé jà nígbà tí ṣákùlù ni ọ̀daràn. Bí ẹ bá fi rọ́bà tuntun sí i, ẹ má ṣe fún bóòtì rẹ̀ pátápátá nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ tó fún un. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, rọ́bà náà á lọ́, á sì ya láìpẹ́.

4. Ẹ tú ewé sílẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ojú ibi tí ewé ti ń yọ̀ lórí ara wọn, pàápàá ní ìpẹ̀kun ewé. Ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù nù, nítorí gíríìsì tó bá pọ̀ jù á gbá iyanrìn mọ́ra, iyanrìn á sì máa jẹ irin.

5. Ẹ yọ ewé tí a fi kún un kúrò, kí iye ewé padà sí ti àtilẹ̀wá. Ewé tó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí nínípọn, ìbú àti títẹ̀ rẹ̀ bá a mu. Ohun tí ẹ bá ṣe lápá ọ̀tún, ẹ ṣe é lápá òsì.

6. Ẹ má ṣe ju irin tó gbá ewé mú bí ìgbànú nù. Òun ni kì í jẹ́ kí ìyá ewé nìkan gbé ìyà nígbà tí táyà bá sọ̀ sí kòtò. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fún ewé pa. Ó gbọ́dọ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè yọ̀.

7. Ẹ fi yú-bóòtì tuntun de sípíríǹgì mọ́ ọ̀pá táyà. Yú-bóòtì tó bá ti nà kì í di nǹkan mú mọ́. Ẹ máa fún wọn ní ìkọjá-síra, díẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n lè dọ́gba. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti ṣiṣẹ́, ẹ tún wọn fún.

8. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì. Bí ó bá ń jo epo, ó ti kú. Bí ó bá kúrú ju ti àtilẹ̀wá lọ, òun ni yóò máa fa táyà sókè nígbà tí sípíríǹgì fẹ́ kí ó sọ̀. Ẹ rí i pé rọ́bà tó ń gbé epo bíréèkì gùn tó, pé kò sì kan ibì kankan. Rọ́bà líle tó ń dá ọ̀pá táyà dúró kí ó má baà gbá ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ dán an wò nígbà tí kò sí ẹrù. Kí awakọ̀ rọra gun pákó tó lágbára pẹ̀lú táyà kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan dúró ní ọ̀nà jíjìn, kí ó wo bóyá táyà mẹ́ta yòókù ṣì ń kan ilẹ̀, kí ó sì wo bóyá táyà ń ha ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá yege nínú ìdánwò yìí á yàtọ̀ lójú ọ̀nà oko.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe gbé ewé tó sán lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná ọwọ́ na ewé tàbí tẹ̀ ẹ́. Alágbẹ̀dẹ mọ ìdí rẹ̀: nígbà tí ó bá fẹ́ rọ àdá, ó kọ́kọ́ fi irin sínú iná kí ó lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń fi omi tàbí epo dá líle rẹ̀ padà. Iná wẹ́dà ń ba líle yẹn jẹ́ ní ojú kan. Ewé náà á dára lójú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni yóò ti dá, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹrù kún inú ọkọ̀ tí ènìyàn sì jókòó lórí ẹrù. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá

*Bí a bá yọ ewé kúrò, ṣé ọkọ̀ kò ní jókòó?* Yóò jókòó bí ẹrù bá kọjá agbára rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tó lè gbé tọ́ọ̀nù kan, àpò ajílẹ̀ onílò 50 ogún péré ni ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó sínú ọkọ̀ wà nínú ìṣirò náà. Lílọ méjì pẹ̀lú ẹrù tó mọ níwọ̀n sàn ju lílọ kan tó sun ojú ọ̀nà. Ẹ kó ẹrù wúwo síwájú ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, kí ó má ṣe wà ní ìdí ọkọ̀. Bí ìkórè bá pọ̀ lóòótọ́, ewé olùrànlọ́wọ́ wà, tí kì í kan ohunkóhun nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, àfi bí ẹrù bá tẹ sípíríǹgì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí sàn ju ewé tó ń le nígbà gbogbo lọ.

*Ṣé a lè ra Tòkunbọ̀?* Ẹ lè rà á, bí ó bá jẹ́ ti irú ọkọ̀ yín gan-an. Ẹ ra ti ọ̀tún àti ti òsì pa pọ̀. Ẹ gbé méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ wò bóyá títẹ̀ wọn dọ́gba, kí ẹ sì fọ̀ wọ́n kí ẹ tó sanwó, nítorí ọ̀dà dúdú máa ń bo ibi tó sán mọ́lẹ̀.

*Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí a fi ṣákùlù gígùn gbé ọkọ̀ sókè ńkọ́?* Ọkọ̀ tó bá ga sí i rọrùn láti dojú dé, pàápàá pẹ̀lú ẹrù lókè. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn á tún yí kúrò ní ìdúró rẹ̀, á sì máa jẹ. Ọkọ̀ oko wa kò nílò gíga. Títẹ̀ ló nílò.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi ewé kẹsàn-án kún ọkọ̀ wọn. Wọ́n ní sùúrù, wọ́n pe bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ sípíríǹgì. Ó yọ ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi hàn wọ́n pé ṣákùlù òsì ti ganpa fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n tún fi ẹnu kò sí iye àpò tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé, wọ́n kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn awakọ̀. Kòtò ọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń rọra gba orí rẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí òjò bá lọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ó bá kù síbì kan tí kò yé yín, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní àdúgbò yín, kí òun náà sì bá yín lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

 Ọkọ̀ wa kò ní dá wa dúró sọ́nà, irè oko wa kò sì ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.